Báwo lẹ ṣe ń fi nǹkan lọ àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò fi ní dà bí àṣẹ?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Kent

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, oṣù kẹrin mi rèé. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni wọ́n fi kọ́ mi láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi gba HND. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní àwọn kan nínú àwọn arúgbó náà ń ṣàròyé pé mo máa ń pàṣẹ fún wọn. Èmi tó jẹ́ pé tí mo bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, orúnkún mi á ti fẹ́ kanlẹ̀ kí n tó mọ̀!

Mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo wọlé tọ màmá kan lọ nínú yàrá wọn, mo ní "Mama, come and eat." Wọn ò dìde. Mo tún ní "You will drink tea?" Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní "Will I?", wọ́n sì kọjú sí fèrèsé. Nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì lálẹ́, ẹkún ni mo sun délé.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ tí wọ́n á fi mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni? Mo ń gbọ́ would, could, shall, can, may lẹ́nu àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, mi ò mọ èyí tó yẹ níbo.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ẹkún bọ́ọ̀sì yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti sun ún rí.

Jẹ́ kí n mú "come and eat" lákọ̀ọ́kọ́, torí èmi náà ṣe é fún ọdún kan gbáko kí ẹnì kan tó sọ fún mi. Nílé wa, "ẹ wá jẹun" kì í ṣe àṣẹ rárá. Bí o bá ń jẹ ẹ̀bà lẹ́nu ọ̀nà, tí aládùúgbò ń kọjá, o ò gbọdọ̀ má sọ ọ́. Òun náà á ní "á gba ibi ire o," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó retí pé kó fọwọ́. Òyìnbó ò ní irú ìkíni yẹn. Tí o bá sọ fún wọn pé "come and eat", ohun tó dé etí wọn ni "dìde kíá, oúnjẹ ti yá", bí ìgbà tí ìyá ń pe ọmọ ọdún méje.

Ohun tí mo ń sọ báyìí: "Lunch is ready. Would you like to come through?" Kọ́kọ́ sọ fún wọn pé oúnjẹ ti délẹ̀, kí o wá bi wọ́n bóyá wọ́n á bọ́ sí yàrá ìjẹun. Tí o bá fẹ́ di ẹyọ kan mú nínú gbogbo ohun tí a máa sọ níbí, would you like ni kí o dì mú. Máa sọ ọ́ fún dígí nílé títí yóò fi yọ̀ lẹ́nu rẹ bí "ẹ káàárọ̀".

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn

Mo kí gbogbo yín. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ọdún 27 kọ́ ọmọ ní girama, inú mi sì dùn sí ìbéèrè yìí, torí kò sí nínú ìwé tí à ń lò fún wọn bó ṣe yẹ kó wà.

Ọmọ mi, ìwọ ò ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Èdè méjèèjì ò tọ́jú ọ̀wọ̀ sí ibì kan náà ni. Tiwa, inú "ẹ" àti "wọ́n" ló wà. Bí o bá ti lè sọ pé "Ṣé ẹ ó mu tíì?", ọ̀wọ̀ ti pé, kò ku nǹkan kan. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú rẹ̀ láyé àtijọ́: wọ́n ń sọ thou fún ẹnì kan tí wọ́n bá mọ̀ dáadáa tàbí tó kéré sí wọn, wọ́n sì ń sọ you fún ọ̀pọ̀ ènìyàn àti fún ẹni iyì. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1700, thou ti kúrò lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn ní gúúsù England, you nìkan ló ṣẹ́ kù. You kan náà ni wọ́n ń pe ọba, òun náà ni wọ́n ń pe ajá.

Nígbà tí ọ̀wọ̀ ò rí ibi gbé mọ́ nínú you, inú ọ̀rọ̀ ìṣe ló lọ fìdí kalẹ̀ sí. Ẹ wo would, could, might àti should. Ìpìlẹ̀ wọn, ohun tó ti kọjá ni wọ́n ń sọ: will ló bí would, can ló bí could, may ló bí might, shall ló bí should. Tí o bá sọ ohun tó wà níwájú rẹ bí ẹni pé ó ti kọjá, ńṣe lo sún un sẹ́yìn díẹ̀, tí o fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ kó lè kọ̀. Àyè yẹn ni ọ̀wọ̀ wọn.

Nítorí náà, nígbà tí o túmọ̀ "ẹ ó mu tíì?" ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, "ẹ" já bọ́ lọ́nà. "You will drink tea" ni "wàá mu tíì", tí o wá gbé ohùn sókè lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí màmá yẹn sì fi dá ọ lóhùn ni pé "Àbí? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Would ni "ẹ" Gẹ̀ẹ́sì. Fi í síbi tí "ẹ" ì bá wà: "Would you like some tea?"

Ohun kan tún wà tí Yorùbá fi ràn wá lọ́wọ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í sì í ṣàkíyèsí. "Do you like tea?" ni "ṣé ẹ fẹ́ràn tíì?" "Would you like tea?" ni "ṣé ẹ fẹ́ tíì?" Fẹ́ràn àti fẹ́. Ẹni tó bá bi àlejò pé "do you like tea?" kò tíì fi nǹkan kan lọ̀ ọ́ o, ìwà rẹ̀ ló ń béèrè. Àlejò lè dáhùn pé yes, kó sì jókòó síbẹ̀ láì rí tíì mu.

Ọmọ Kétu, Kútọnu

Ẹ ṣé gan-an, Tíṣà. Àwa tí a fi Faransé kàwé, vous ti bá wa gbé "ẹ" dání, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fi voudriez-vous (would you like tiwọn) kún un tí wọ́n bá fẹ́ rọ ọ̀rọ̀ lójú. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń wá vous kiri tí mi ò rí i. Òní ni mo mọ ibi tó lọ.

Nọ́ọ̀sì, Leeds

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí "bá", torí òun náà ń já bọ́ lọ́nà. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e." Bá yẹn ló ń sọ pé ẹrù yín ni, tìtorí yín ni mo fi fẹ́ gbé e. Ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ pé "let me help you to carry it". Wọ́n á gbọ́ ọ yé, kò sí wàhálà. Àmọ́ lẹ́tí tiwọn, help lè dà bí ẹni pé àwa méjèèjì la jọ máa fọwọ́ mú un. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo fẹ́ gbé e, for you ni bá: "Shall I carry that for you?" Tí ẹran bá le nínú abọ́ bàbá kan, tí o rí i pé ọ̀bẹ ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, má kàn na ọwọ́ gba abọ́. Dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bára mu, kí o ní "Shall I cut that up for you?" Tàbí "Would you like me to cut that up?" Méjèèjì dára.

Ẹ ṣọ́ bí èyí kejì ṣe rí: would you like me to, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ ìṣe. Mo máa ń gbọ́ "would you like that I cut it" àti "would you like I should cut it" lẹ́nu àwọn ará wa. Me to ni.

Àbúrò, ó kọjá ẹ̀kọ́ ilé nìkan o. Òfin Mental Capacity Act ti ọdún 2005, tó ń ṣiṣẹ́ ní England àti Wales, ní kí a ka ẹnikẹ́ni tó ti tó ọmọ ọdún 16 sí ẹni tó lè ṣèpinnu fúnra rẹ̀, àyàfi tí a bá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò lè ṣe é. Ó sì ní kí a kọ́kọ́ sa gbogbo ipá wa láti ràn án lọ́wọ́ kó lè pinnu. Tí o bá wọlé tí o ní "I am going to wash you now," o ti pinnu fún wọn nìyẹn. "Would you like your wash now, or after breakfast?" fi ìpinnu lé wọn lọ́wọ́.

Ti orúkọ náà ńkọ́? "Mama" tí ò ń pè wọ́n, ọkàn tó dára lo fi ń pè é, mo mọ̀. Àwọn kan á gbà á, inú àwọn mìíràn ò ní dùn sí i, torí wọn ò bí ọ, òmíràn ò sì bímọ rárá. Béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "What would you like me to call you?" Tí màmá ẹni ọdún 88 bá ní kí o máa pe òun ní orúkọ tí wọ́n sọ òun, á ta ọ́ létí, á sì wúwo lẹ́nu rẹ. Pè é bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń tẹ orúnkún díẹ̀ tí mo bá ń pè é, kò sẹ́ni tó bá mi wí rí.

Awakọ̀, Houston

Ẹ káalẹ́ níbẹ̀ o. Ìmọ̀ràn dáadáa ni, ṣùgbọ́n àwa tá a wà ní Amẹ́ríkà, ẹ má gbé shall I wá sílé yìí. Ẹnu wọn ò sábà gbà á, á dà bí ẹni pé inú fíìmù àtijọ́ lo ti jáde. "Do you want me to get your bags?" ni wọ́n ń sọ, tàbí kí wọ́n gé e kúrú: "Want me to get those?" Tí mo bá gbé èrò ní pápákọ̀ òfurufú, "Can I get those bags for you?" ni mo ń sọ, kò sì sẹ́ni tó fajú ro. Would you like ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Dublin

Tiwa níbí tún yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé, obìnrin tó ni ilé tí mo gbà yọjú, ó ní "Will I make you a cup of tea?" Mo dúró, mò ń ronú bóyá èmi ni kí n sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún un! Will I ni àwọn ará Ireland àti Scotland ń lò níbi tí ará London á ti sọ shall I. Ohun tó ń sọ ni "ṣé kí n po tíì fún ẹ?"

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn

Òótọ́ lẹ̀yin méjèèjì sọ. "Ṣé kí n" wa ni shall I ní England. Ṣé kí n ṣílẹ̀kùn? Shall I open the door? Ṣé ká lọ? Shall we go? Èmi àti àwa nìkan ló ń bá rìn tí a bá ń fi nǹkan lọ ènìyàn, ẹ má sọ shall you. Ní Nàìjíríà, should I ló pọ̀ lẹ́nu wa, kò sì burú. Ní England, ó máa ń dún bí ẹni tó ń gba ìmọ̀ràn, bíi "ǹjẹ́ ó yẹ kí n ṣe é?"

Ẹ kíyè sí I'll náà. Bí ẹnì kan bá kó ẹrù mọ́yà tí ilẹ̀kùn sì tì, "I'll get the door" ni "ẹ fi sílẹ̀, màá bá yín ṣí i." Ojú ẹsẹ̀ lo pinnu rẹ̀, tìtorí ẹni náà lo sì ṣe pinnu. Tí o bá ní "I'm going to open the door", ohun tí o ti rò tẹ́lẹ̀ lo ń ròyìn, kò sí ìrànlọ́wọ́ kankan nínú rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀ṣun, Manchester

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ta ko ibì kan. Ẹ má jẹ́ kí àbúrò yìí di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ní gbogbo ọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2011. Can I lásán, pẹ̀lú ẹ̀rín, ti tó lójoojúmọ́: "Can I get you a bag?" "Can I help you with that?" May I dára, ó kàn wọ agbádá ju bó ṣe yẹ lọ níbi tí ènìyàn méjì ti jọ ń ṣeré. Could I ga díẹ̀ ju can I lọ. Ẹ má sì ṣi could I àti could you mú fún ara wọn: "Could I carry that?" èmi ni màá gbé e, "Could you carry that?" ìwọ ni mo ń bẹ̀ pé kó o gbé e. Mo rí ẹni tó fẹ́ ran oníbàárà lọ́wọ́, tó wá ní "Could you lift it, please?" Oníbàárà náà gbé e fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún.

Ohùn ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn àgbà ní ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń yọ obì lápò, ohùn líle ló ń yọ ọfà lápó. "Can I help you?" tí a fi ohùn tútù sọ, ìrànlọ́wọ́ ni. Tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá là á mọ́lẹ̀ gbàgà, "kí lo wá ṣe níbí?" ló ń béèrè.

Tí ẹnì kan bá sì fẹ́ ṣubú, dì í mú! Kò sáyè would you like níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Leeds

Mo gbà pẹ̀lú yín, bùrọ̀dá mi, pàápàá lórí kí ọ̀rọ̀ má gùn jù. Màmá kan wà lọ́dọ̀ wa tí iyè wọn ti ń ra. Tí mo bá ní "would you like me to bring you your cardigan", kí n tó dé ìparí, ìbẹ̀rẹ̀ ti sọnù lọ́wọ́ wọn, ojú wọn á sì dààmú. Mo wá ń gbé káádígàn méjì sókè, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. "Blue or green?" Màá dúró. Ó lè gba ìgbà tí èèyàn á fi ka ení dé ẹẹ́wàá. Wọ́n á fi ìka kan tọ́ka sí aláwọ̀ ewé, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀wọ̀ wà nínú dídúró yẹn ju inú would lọ.

Fún àwọn tó ń múra fún OET, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, eré méjì (role-play) ló wà nínú ìdánwò ìsọ̀rọ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fún yín ní ìṣẹ́jú 3 láti múra ṣáájú. Ẹ múra bí ẹ ó ṣe fi nǹkan lọ aláìsàn sílẹ̀, torí wọ́n ń wo bí ẹ ṣe ń bá a lò, kì í ṣe gírámà nìkan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Kent

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ìbéèrè kan ló kù: ìdáhùn wọn ń da ọkàn mi rú. Bàbá kan ní "I'm all right, thank you." Mo rò pé ara wọn le ni wọ́n ń sọ, ni mo bá gbé tíì náà kalẹ̀ níwájú wọn. Wọn ò fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ìbejì, Peckham

"I'm all right," "I'm fine, thanks," "I'm good": mi ò fẹ́ ni gbogbo wọn. "Not just now" ni pé kó o padà wá tó bá ṣe díẹ̀. "I wouldn't say no" àti "Go on, then," gbé e wá, wọ́n fẹ́ ẹ! "Only if you're making one" náà, wọ́n fẹ́ ẹ, wàhálà rẹ ni wọn ò fẹ́. Tí o bá bi wọ́n pé "Would you mind if I opened the window?", "no" ni ìdáhùn rere, torí ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò ní dà wọ́n láàmú. Lọ ṣí i.

Nílé wa, ẹni tó bá gba oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, wọ́n á ní ojú ń kán an. A gbọ́dọ̀ rọ àlejò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Níbí, bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá kọ̀, "Are you sure?" kan ṣoṣo, pẹ̀lú ẹ̀rín, kí o sì fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Tí o bá bi wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti di wàhálà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Kent

Mo padà wá jíṣẹ́ o. Láàárọ̀ yìí, mo kan ilẹ̀kùn màmá yẹn, mo dúró títí wọ́n fi ní kí n wọlé. Mo kí wọn ní orúkọ tí wọ́n ní kí n máa pè wọ́n. Mo ní "Shall I open the curtains for you?" Wọ́n ní "Please do." Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo ní "Would you like your tea now, or a bit later?" Wọ́n ní "Now would be lovely." Would lẹ́nu tiwọn náà!

Nígbà tí mo gbé e dé, wọ́n ṣí agolo pupa kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí wọn, wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní "Would you like a biscuit?" Mo kàn kúnlẹ̀ ni, mo ní "Thank you, ma." Wọ́n tún nà án, bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá mo gbà á tàbí mo kọ̀ ọ́. Kí ni ǹ bá ti sọ?

Ìyá Ìbejì, Peckham

"Thank you" nìkan ò sọ èyí tó jẹ́. "I'd love one, thank you" ni kí o sọ. Kí o sì jẹ ẹ́ níṣojú wọn, àbúrò mi, kí inú wọn lè dùn.